Kámẹ́rà wo ni ká rà? Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo megapixel

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ni Press Club ti ń dá owó kámẹ́rà. Owó náà ti pé báyìí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa dìbò, nǹkan méjì ló sì wà nílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ká ra kámẹ́rà tuntun kékeré kan tí wọ́n kọ "48 megapixel" gàdàgbà sára rẹ̀. Páálí rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nínú wa. Àwọn kan ní tòkunbọ̀ ni ká rà, Canon PowerShot S95, tó ti jáde láti ọdún 2010, tí kò ju 10 megapixel lọ, tí ara rẹ̀ sì ti ha díẹ̀. Iye owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n wá ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n kọ ọ́ sára ògiri, kí gbogbo ẹni tó dá owó lè kà á kó tó dìbò. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń sọ pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà lóhùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní fóònù tó dáa nílé, ó lè má nílò kámẹ́rà kankan mọ́. Ṣùgbọ́n òfin iléèwé wa ò gba fóònù láyè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì bójú mu ká máa lọ tọrọ fóònù lọ́wọ́ olùkọ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Owó olùkọ́ wà nínú fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tí àwa nílò ni kámẹ́rà kékeré tó lè wọ àpò yunifọ́ọ̀mù, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè gbé dání lójoojúmọ́, ní asẹ́ńbílì, ní láàbù, lórí pápá, láìjẹ́ pé a ń bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó yá, kí ni megapixel tí gbogbo èèyàn ń pariwo yìí? Fọ́tò inú kámẹ́rà dà bí ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì kéékèèké ṣe àwòrán sí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, táìsì kọ̀ọ̀kan lẹ máa rí. Bí ẹ bá dìde tẹ́ ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ó rí àwòrán. Táìsì kan ni pixel kan, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni megapixel kan. Canon tí à ń wí yìí máa ń ya pixel 3648 ní ìbú àti 2736 ní òró. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó rí 9,980,928. Kò pé mílíọ̀nù 10 géérégé, ṣùgbọ́n ta ló máa bá wọn jà sí i?

Àwọn tó ń tẹ fọ́tò máa ń fẹ́ pixel 300 fún íǹṣì kan kí fọ́tò tó mọ́ kedere. Fọ́tò tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri yìí, íǹṣì 6 sí 4 ni. Ìlọ́po 6 lọ́nà 300 jẹ́ 1800, ìlọ́po 4 lọ́nà 300 jẹ́ 1200. Bí a bá wá fi 1800 sọ 1200 di púpọ̀, 2,160,000 ló máa jẹ́. Ìyẹn ni pé megapixel 2 àti díẹ̀ ti tó fún irú fọ́tò tẹ́ ẹ dúró níwájú rẹ̀ báyìí. Ká tiẹ̀ ní a fẹ́ tẹ fọ́tò kan tó kún ojú ìwé A4, 3508 sí 2480 ni, kò tó megapixel 9. Kí la wá fẹ́ fi 48 ṣe? Olùkọ́ Máàtì wa tún là mí lójú sí nǹkan kan: bí megapixel bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni fọ́tò fi máa gùn sí i, torí ìbú àti òró ló jọ ń pín in. Nítorí náà, kámẹ́rà 48 tó bá jẹ́ 48 ní tòótọ́ kàn lè tẹ fọ́tò tó gùn ní ìlọ́po méjì ti 12 ni.

Mo sì ní "tó bá jẹ́ 48 ní tòótọ́" torí pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí lára, sẹ́ńsọ̀ inú wọn ò ní pixel tó pọ̀ tó yẹn. Ìwọ̀nba tí sẹ́ńsọ̀ bá rí ló rí. Kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà á wá wo pixel méjì tó wà nítòsí ara wọn, á méfò èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn, á sì fi kún un. Interpolation ni wọ́n ń pe èyí. Ó dà bí ká bu omi sínú ọbẹ̀: ìkòkò kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran ò lé kan. Bí ẹ bá rí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ẹ má ka lẹ́tà ńlá ojú páálí. Ẹ ka wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kọ iye tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ní. Bí wọn ò bá kọ ọ́ rárá, ìdáhùn nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ yìí gan-an ni ọkàn kámẹ́rà. Òun ni pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, tó wà níbi tí fíìmù máa ń wà láyé ọjọ́un. Ẹ fojú inú wo àgbàlá méjì tó fẹ̀ bákan náà nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹnì kan to abọ́ ńlá 10 síta. Ẹnì kejì to ife kékeré 48. Òjò kan náà ló rọ̀ sí àgbàlá méjèèjì, ṣùgbọ́n omi tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan kéré débi pé bí eruku díẹ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀, ó ti dọ̀tí. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yẹn. Eruku ni àwọn àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tẹ́ ẹ máa ń rí lára fọ́tò tí wọ́n yà lálẹ́. Bí àgbàlá bá fẹ̀, èèyàn lè to abọ́ tó pọ̀ tó sì tún tóbi. Bí àgbàlá bá há, ẹ ó fi ọ̀kan du ọ̀kan.

Canon fúnra wọn ti fi èyí hàn. Lọ́dún 2008 wọ́n gbé PowerShot G10 jáde pẹ̀lú megapixel 14.7. Nígbà tí wọ́n ṣe G11 tẹ̀ lé e lọ́dún 2009, wọ́n dín in kù sí 10, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì fẹ̀ bákan náà. Ẹ rò ó wò: ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tajà mọ̀ọ́mọ̀ dín nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn kù, torí kí fọ́tò lè dáa sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀. Ìgbà tí mo ka èyí ni ọkàn mi kúrò lórí 48 pátápátá.

Ẹ mú ìwé gráàfù yín, ẹ ya bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó, torí ojú ló máa gbà á gbọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ń pè ní 1/2.3: mílímítà 6.2 sí 4.6 ni, kò tó èékánná ọmọ ìka. Ti S95 ni 1/1.7: ó tó mílímítà 7.4 sí 5.6. Ó jọ pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura, àmọ́ bí ẹ bá ka àwọn ilé kéékèèké inú gráàfù yẹn, ẹ ó rí i pé ti S95 fẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti èkíní. Èyí tí wọ́n ń pè ní "1-inch" tún tóbi gan-an jù wọ́n lọ, mílímítà 13.2 sí 8.8. Ṣé ẹ rí i pé kò tó íǹṣì kan lọ́nàkọnà? Orúkọ yẹn ti wá láti ìgbà kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì, nígbà tí wọ́n ń fi bí ìta gíláàsì ṣe fẹ̀ tó júwe rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà nínú Sony RX100 tó jáde lọ́dún 2012. Èmi ì bá fẹ́ ká ra ìyẹn, ṣùgbọ́n owó wa ò ká a, ká má parọ́ fúnra wa.

Lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, ẹ wo ojú lẹ́ńsì. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Ti S95 jẹ́ 1:2.0-4.9. Bí ihò lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó ló ń sọ. A máa ń fi ìbú ihò náà pín gígùn fókáàsì, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kékeré fi túmọ̀ sí ihò ńlá. Lẹ́ńsì f/2 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ju f/4 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe físíìsì, ẹ mọ ìdí: ìbú ihò di ìlọ́po méjì, ààyè rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú họ́ọ̀lù wa tí gílóòbù mélòó kan ń ṣiṣẹ́, tí àwọn tó kù ti kú, ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ bóyá a máa rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí 4.9 tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fa súùmù dé òpin, ihò yẹn á kéré, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì dín kù ní ìlọ́po mẹ́fà. Nínú họ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sún mọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Ẹ fi súùmù sílẹ̀ fún pápá.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ló kàn yìí. Nígbà tí ọmọ JSS2 kan gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ nínú ìdíje àròyé lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi fóònù ẹnì kan yà á níwájú ògiri funfun ilé ìkàwé, lọ́sàn-án gangan. Gbogbo wa la rí fọ́tò yẹn níbí. Ògiri mọ́, yunifọ́ọ̀mù mọ́, ìwé ẹ̀rí mọ́. Eyín àti ojú ọmọ yẹn nìkan la rí, ìyókù dúdú bí ìkòkò. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, fọ́tò náà ti kúrò lára ògiri, gbogbo wa la sì mọ ẹni tó já a. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọmọ náà kì í ṣe dúdú bẹ́ẹ̀, ká tiẹ̀ ní ó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, dúdú ò ní kí a má rí ojú èèyàn.

Mo lọ bá bàbá kan tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nítòsí iléèwé wa, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í pé kí ló fà á.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kámẹ́rà ò mọ̀ pé èèyàn ló wà níwájú òun. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà."

"Kò yé mi, sà."

"Bó bá ti rí nǹkan funfun tó pọ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ìgbà tó bá dín ti ògiri kù, ti ojú ọmọ yẹn náà ńkọ́? Ó ti bá a lọ."

"Kí ló yẹ kéèyàn ṣe, sà?"

"Gbé e kúrò níwájú ògiri funfun. Bí kò bá ṣeé gbé kúrò, wá àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò lára kámẹ́rà rẹ, fi kún un. Kámẹ́rà tí kò bá ní àmì yẹn, má bá mi gbé e wá síbí."

Mo lọ kà nípa rẹ̀ síwájú sí i, bí bàbá ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Gbogbo kámẹ́rà ni wọ́n ti kọ́ pé ayé, tí a bá pò ó pọ̀, jẹ́ àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. Ohunkóhun tó bá rí, á fẹ́ sọ ọ́ di eérú yẹn. Bọ́tìnì tí bàbá wí ni wọ́n ń pè ní exposure compensation. Bí ẹ bá gbé e sí +1, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà bá dúró níwájú aṣọ dúdú pèpéle ńkọ́? Ìdàkejì ni, kámẹ́rà á fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ kún un jù, ojú á wá máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Ìgbà yẹn lẹ máa gbé e sí àyọkúrò. S95 ní bọ́tìnì yìí, kò sì ṣòro láti dé ibẹ̀. Kámẹ́rà 48 yẹn, mo bẹ ẹni tó mú un wá pé kó jẹ́ kí n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tú gbogbo mẹ́nù rẹ̀ wò. Fíláàṣì wà, oríṣiríṣi fìrémù olódòdó wà, kódà ó lè fi etí ológbò sí orí èèyàn. Mi ò rí àròpọ̀ àti àyọkúrò níbẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà bàrá díẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò irun orí tí J. D. 'Okhai Ojeikere yà, ẹ tẹjú mọ́ wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni, wọ́n bí i lọ́dún 1930, ó sì kú lọ́dún 2014. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa, fíìmù dúdú àti funfun ló sì fi yà wọ́n. Irun dúdú, ọrùn dúdú, síbẹ̀ ẹ lè ka ojú irun kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rí ibi tí òwú ti yí ká a. Kámẹ́rà rẹ̀ ò ní megapixel kankan. Ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni.

Ó ku eré ìdárayá. Ẹ fojú ṣírò ẹni tó sáré 100 mítà ní sẹ́kọ́ńdù 12.5. Mítà 8 ló ń sá ní sẹ́kọ́ńdù kan. Bí kámẹ́rà bá ṣí ojú fún ìdá 30 sẹ́kọ́ńdù péré, ẹni yẹn ti sá tó sẹ̀ǹtímítà 27 kí ojú kámẹ́rà tó padà dé, fọ́tò á ṣe bàìbàì. Bó bá jẹ́ ìdá 500 sẹ́kọ́ńdù ni, kò tíì kúrò níbi tó wà ju sẹ̀ǹtímítà 1.6 lọ. Kámẹ́rà tó bá jẹ́ kí èèyàn yan iye yìí fúnra rẹ̀ la nílò. Lórí S95, ẹ yí òkè rẹ̀ sí Tv. Àléébù rẹ̀ nìyí o, mi ò ní fi pamọ́: súùmù rẹ̀ ò tó ìlọ́po mẹ́rin, kò sì lè ya fọ́tò tẹ̀ léra wọn kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìparí eré sáré, kó lọ dúró sẹ́bàá okùn ìparí, kó tẹ bọ́tìnì dé ìdajì ṣáájú kí kámẹ́rà ti fojú mú ibẹ̀ sílẹ̀, kó wá tẹ̀ ẹ́ tán nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ igi lódìkejì pápá kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀.

Kámẹ́rà 48 náà sì sọ pé òun ní súùmù ìlọ́po 16. Digital zoom ni. Ìyẹn kì í ṣe súùmù rárá, àlùmọ́gàjí ni. Kámẹ́rà kàn ń gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò dànù, ó ń fa ìyókù gùn ni. Ní ìlọ́po mẹ́rin péré, ìdá kan nínú 16 fọ́tò ló máa ṣẹ́ kù. Èyí tí ọ̀rọ̀ wà fún ni optical zoom, tí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ń rìn síwájú sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì sí páálí, optical nìkan ni kẹ́ ẹ kà.

Ní ti bátìrì, kámẹ́rà tuntun yẹn ló borí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wáyà fóònù lásán lèèyàn fi ń ṣáájì rẹ̀. S95 ò gba ìyẹn. Bátìrì tirẹ̀ ń jẹ́ NB-6L, inú ṣájà tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ṣájà ti sọnù, ká yáa máa lọ. Ká sì ra bátìrì kejì, torí iná wa kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. A lè máa ṣáájì ọ̀kan nígbà tí a bá ń lo èkejì. Àwọn kámẹ́rà mìíràn wà tó ń lo bátìrì AA, irú èyí tó ń wọ àwọn aago ògiri. Ó rọrùn láti rí rà níbikíbi, ṣùgbọ́n àwọn olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ kì í pẹ́ kú nínú kámẹ́rà, pàápàá bí fíláàṣì bá ń ṣiṣẹ́.

Mẹ́mòrì káàdì náà lè kó èèyàn sí wàhálà. SD lásán ò ju 2GB lọ, SDHC dé 32GB, SDXC ló ju ìyẹn lọ. Kámẹ́rà tó bá ti pẹ́ gan-an lè má mọ SDHC rárá. S95 mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta Olympus tàbí Fujifilm àtijọ́ tó ń lo xD-Picture Card fún yín, tàbí Sony àtijọ́ tó ń lo Memory Stick, ẹ kọ́kọ́ bi í níbo lẹ ti máa rí káàdì rà. Àwa ò nílò ńlá: bí fọ́tò kan bá jẹ́ 4MB, káàdì 8GB á gba nǹkan bí 2,000. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ 64GB sí tí inú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò á máa wọlé, kò ní sọ nǹkan kan, ìgbà tẹ́ ẹ bá délé lẹ máa mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ kún un dẹ́nu lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì ṣí àwọn fáìlì ìkẹyìn wò, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ ya ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Olùkọ́ físíìsì wa béèrè ìbéèrè kan tó lágbára. Wọ́n ní: "Tòkunbọ̀ tó ti tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá kú lọ́sẹ̀ kejì, ta ló máa dá owó yín padà?" Kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Nítorí náà, ìbò tèmi ní àkàlẹ̀ nínú. Èmi fara mọ́ S95, tó bá yege nínú ohun tí a máa dán wò lójú ẹni tó ń tà á. Ká bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀." Bó bá kọ̀, ká dúpẹ́ ká máa lọ. Bó bá gbà, ká tàn án, ká pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ká tẹ́tí sí lẹ́ńsì bó ṣe ń jáde. Bó bá ń kùn bí ẹni ń jẹ yanrìn, eruku ti wọ inú rẹ̀, ọyẹ́ kan ṣoṣo ló máa parí iṣẹ́ náà. Ká ya ojú ìwé ìròyìn tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ká wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá lẹ́tà ibẹ̀ mọ́ bíi ti àárín. Ká ya ojú ọ̀run, ká wò ó bóyá àbàwọ́n kan dúró lójú kan náà nínú fọ́tò mẹ́ta. Ká wo bátìrì bóyá ó ti wú. Ká lo fíláàṣì. Ká wá gbé ọ̀kan nínú wa sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ká gbé bọ́tìnì sí +1, ká wo ojú rẹ̀.

Bí kò bá yege, èrò mi ni pé ká tọ́jú owó wa di tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, ká má torí ìkánjú ra 48 yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn SS3 ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, torí ọdún yìí ni ìdágbére wọn, wọn ò sì ní padà wá yà á mọ́. Àwọn náà ló dá owó jù. Ẹ wá sọ tẹnu yín lọ́jọ́ Ẹtì, láàbù físíìsì, lẹ́yìn kíláàsì ìkẹyìn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà tó ti bàjẹ́ nílé, kó gbé e wá lọ́jọ́ náà, a fẹ́ fi ojú wa rí sẹ́ńsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tú u fúnra yín o. Kapasítọ̀ tó ń tan fíláàṣì máa ń gba iná tó tó fóltì 300, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ bátìrì. Olùkọ́ físíìsì ti ní àwọn máa kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ dànù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.